Ẹ má fojú nìkan ka Ògbójú Ọdẹ

Ẹ̀gbọ́n tó bèèrè bóyá Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ìwé ìtàn àròsọ Fágúnwà, ṣì lè dùn fún ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún: ẹ kà á, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bí mo ti ṣe.

Inú bọ́ọ̀sì BRT l'Ékòó ni mo ti bẹ̀rẹ̀ tèmi, láti Fàdéyí lọ sí ibùdókọ̀ CMS. Ilé ìtàwé àwọn míṣọ́nnárì CMS, tó bá ibẹ̀ jẹ́ orúkọ kan náà, ló kọ́kọ́ gbé ìwé náà jáde lọ́dún 1938, àmọ́ ìyẹn ò ràn mí lọ́wọ́. Mò ń fojú sáré lórí rẹ̀ bí ẹni ń ka àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹ̀dà àtijọ́ ni, "nwọn" àti "aiye" ló kún inú rẹ̀, mò ń kọsẹ̀ ṣáá. Àgbákò, iwin olójú mẹ́rìndínlógún tó máa ń lé mi wọ abẹ́ aṣọ ìbora ní kékeré, kò tu irun kan lára mi. Mo pa ìwé dé. Ó dùn mí bíi pé wọ́n jí nǹkan mi gbé.

Àṣé èmi kọ́ ni mo ka ìwé yẹn nígbà èwe. Bàbá mi, tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú, ló máa ń kà á sí wa létí bí iná bá ti lọ. Níbi tí Fágúnwà bá ti to ọ̀rọ̀ lé ọ̀rọ̀, bàbá á máa fà á bí oníjàálá. Ọdún kan lẹ́yìn ti inú bọ́ọ̀sì yẹn, mo gbé ẹ̀dà bàbá mi, mo ń kà á sókè fún ọmọ mi obìnrin. Háà! Ẹnu mọ ọ̀nà tí ojú ò mọ̀. Kódà ìmọ̀ràn Ìrágbèje, ọlọgbọ́n inú ìwé náà, tí a máa ń sùn lọ bó bá kàn án, ló wá mú mi jókòó. Ọ̀rọ̀ ọmọ títọ́, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jágbe mọ́ ọmọ lórí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ ṣọ́ra fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ṣá. N ò mọ bí ìyá Àkàrà-Oògùn, ọdẹ tó ni ìtàn náà, ṣe kú tẹ́lẹ̀. Ọkọ rẹ̀ yìnbọn lu ẹran, ó tọ ipa ẹ̀jẹ̀ délé, ìyàwó rẹ̀ ló bá nílẹ̀. Àjẹ́ ni obìnrin náà lóòótọ́, síbẹ̀ ọ̀fun mi gbẹ. Nínú bọ́ọ̀sì, ojú mi ti sáré kọjá ibẹ̀. Bàbá ò kà á sí wa rí: mo rí àmì wẹ́wẹ́ tó fi bírò ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, ibi tó ti máa fò àti ibi tó ti máa balẹ̀.

Ọmọ mi ń wò mí lẹ́nu. Èmi náà fò ó.