Ohun tí ẹ̀wù onísípíríǹgì ṣe fún apá mi

Ẹ béèrè bóyá ẹ̀wù onísípíríǹgì, ìyẹn férémù tí a ń gbé kọ́ èjìká tí sípíríǹgì rẹ̀ ń bá ni gbé apá sókè, tí wọ́n ní kí àbúrò yín máa wọ̀ ní ibi iṣẹ́ yóò sọ apá rẹ̀ di ọ̀lẹ. Mo ti wọ irú rẹ̀ fún ọdún méjì ní Ohio ní Amẹ́ríkà, ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń to ọkọ̀ pọ̀, níbi tí mo ti ń dúró lábẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n gbé kọ́ sókè, tí mo ń yí bóòtù, irin tí a fi ń de nǹkan mọ́ra, wọ inú rẹ̀.

Iṣẹ́ tó ń mú apá pẹ́ lókè kì í ṣe kékeré. Nígbà tí Ford ń kéde irú ẹ̀wù yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ tirẹ̀ ní ọdún 2018, wọ́n ní àwọn kan ń gbé apá sókè tó ìgbà 4,600 lójúmọ́. Èyí tí mo wọ̀ kò lo iná: bí mo bá sọ apá kalẹ̀, sípíríǹgì á nà, á sì kó agbára jọ; bí mo bá tún gbé e sókè, agbára yẹn á bá mi gbé e. Nípa bẹ́ẹ̀, iṣan tó bo èjìká àti èyí tó ti ọrùn sọ̀ kalẹ̀ wá á rí ìsinmi díẹ̀, àwọn olùwádìí tó so wáyà mọ́ ara òṣìṣẹ́ láti fi wọn iṣẹ́ iṣan sì ti rí irú èyí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ apá kalẹ̀ ní láti fi agbára tẹ sípíríǹgì náà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, iṣan ẹ̀yìn apá mi àti èyí tó wà lábẹ́ abíyá ro mí ju èjìká lọ, nítorí iṣẹ́ tí kò kàn wọ́n tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni pé ọwọ́ mi ń ṣì. Mo máa ń na ẹ̀rọ sí ihò bóòtù, ọwọ́ á sì gòkè ré e kọjá, nítorí ara mi ṣì ń lo ìwọ̀n agbára tó ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò tíì mọ̀ pé nǹkan kan ń bá òun gbé apá. Bí mo bá bọ́ ẹ̀wù náà nírọ̀lẹ́, apá mi á wúwo bí ẹni pé mo pọn omi láti àárọ̀.

Sípíríǹgì tó le jù ni alábòójútó wa fi sí i, ó rò pé bó bá ṣe le tó ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Nígbà tí a dẹ̀ ẹ́ débi tí apá mi fi lè wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé mo tẹ̀ ẹ́, ìrora abíyá lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ti ọwọ́ tó ń ṣì gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní ti ọ̀lẹ, apá mi kò rọ. Mo ṣì ń gún iyán lọ́jọ́ Sátidé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ẹ ní kí àbúrò yín fi wákàtí kan tàbí méjì lójúmọ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa bọ́ ọ tí iṣẹ́ bá di ti ìsàlẹ̀. Kí ó tó gba èyíkéyìí, kí ó gbé apá sókè nínú rẹ̀, kí ó wò ó bóyá oríkèé ẹ̀wù náà bá oríkèé èjìká rẹ̀ dọ́gba.