Èsì fún ẹni tó fẹ́ yọ gáàsì propane kúrò lára ẹ̀rọ ìfọkápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ rẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ sọ pé gáàsì propane ni ẹ̀rọ ìfọkápẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀ yín fi ń gbé omi kaná, pé ẹ fẹ́ kúrò nídìí gáàsì náà pátápátá, ẹ sì ń béèrè bóyá ẹ lè lo kóìlì (páìpù tí wọ́n ká, tí omi ń gba inú rẹ̀ gbóná) tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹ bá fi báńà díísù (ohun tí ń fi díísù dáná) tàbí ooru ẹ́ńjìnnì rọ́pò gáàsì. Mo ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ojú mi sì rí tó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mo ń náwó: mímú kí omi gbóná kò nira rárá, ibi tí ooru yóò gbà lọ nígbà tí omi bá dúró ni gbogbo wàhálà náà wà.

Nígbà tí iná bá jẹ́ ti gáàsì, tí òṣìṣẹ́ bá tú ọwọ́ kúrò lára ọ̀pá ìfọ̀, omi á dúró, suwíìṣì tó ń ṣọ́ ìṣàn omi á sì ti gáàsì, ọwọ́ iná á kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kìkì ooru díẹ̀ tó kù lára irin ni omi yóò gbà sára. Ooru èéfín, ìyẹn ooru ẹ́ńjìnnì tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde, kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kò ní kú nítorí pé ẹnì kan tú ọwọ́, torí òun náà ló ń yí búlóà tó ń fa omi ìdọ̀tí, èéfín tó gbóná tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún °C yóò sì máa gba ara omi tó dúró lójú kan kọjá. Ẹ rántí pé omi tó wà lábẹ́ prẹ́ṣọ̀ kì í hó ní 100 °C. Á kàn máa gbóná sí i ni, láìpariwo, títí ẹnì kan yóò fi ṣí ọ̀nà fún un, nígbà náà ni yóò di oru lójijì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọṣẹ́ mi gan-an nìyẹn. Ó gbé ọ̀pá ìfọ̀ kalẹ̀ láti sún àga kan kúrò lọ́nà, ó padà dé, ó tẹ ọwọ́ ọ̀pá náà, oru funfun ló kọ́kọ́ tú jáde dípò omi. Rọ́bà tó ń gbé omi lọ sí ọ̀pá ìfọ̀ wú nítòsí ibi tí irin ti dè é, ó là gbooro, omi gbígbóná sì já lé e lápá láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́. Onímọ̀ ẹ̀rọ tó bá mi so gbogbo rẹ̀ wá wò ó, ó fi ìka gbá ojú aago prẹ́ṣọ̀, ó ní kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ náà, pé kí ọmọṣẹ́ mi má máa tú ọwọ́ sílẹ̀ pẹ́ ni. Ta ló ń fọ kápẹ́ẹ̀tì tí kì í tú ọwọ́? Òṣìṣẹ́ àyẹ̀wò tó wá ṣáájú rẹ̀ ti fi tọ́ọ̀ṣì ka ọjọ́ tó wà lára sílíńdà gáàsì, ó ti ka gbogbo àmì ìkìlọ̀ tó yẹ kó wà lára ilẹ̀kùn ọkọ̀, ṣùgbọ́n kò béèrè ibi tí omi gbígbóná ń gbà jáde. Lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ìwé sílíńdà ló tún padà wá béèrè, bẹ́ẹ̀ ni a ti yọ sílíńdà náà kúrò nínú ọkọ̀ tipẹ́.

Nítorí náà, bí ẹ bá máa lo ooru èéfín, fáàfù tí ń da omi gbígbóná nù gbọ́dọ̀ wà ní ẹnu ibi tí omi ti ń jáde nínú kóìlì gan-an, kí ó máa ṣí fúnra rẹ̀ tí omi bá kọjá ìwọ̀n ooru tí ẹ yàn, kí ó máa da díẹ̀ sínú táǹkì omi ìdọ̀tí, kí omi tútù lè wọlé rọ́pò rẹ̀. Fáàfù ààbò tí prẹ́ṣọ̀ ń ṣí yàtọ̀ sí èyí. Ẹ nílò àwọn méjèèjì, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ohunkóhun tó lè dí ọ̀nà sáàárín fáàfù ààbò àti kóìlì, kí ẹnu páìpù rẹ̀ sì kọjú sí ilẹ̀ níta ọkọ̀. Mo ti rí ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń da omi gbígbóná náà padà sínú àpótí omi tí páǹpù ń fà. Omi inú àpótí gbóná títí páǹpù fi ń pariwo, kò lè fa omi dáadáa mọ́, rọ́bà inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Ìgbà tí ẹ bá ń fọ àga ni ẹ óò mọ bóyá fáàfù yín dára, torí omi tí àga ń gbà kéré gan-an, ooru sì ń yára ga. Ẹ tún rí i pé irin tí ń darí èéfín wà níbẹ̀, kí ẹ lè yí èéfín gba ẹ̀gbẹ́ kọjá láì kan kóìlì, kí ọ̀nà èéfín má sì há, nítorí tó bá há, ẹ́ńjìnnì kò ní lágbára mọ́, búlóà kò sì ní fa omi dáadáa lórí kápẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ṣe ìṣirò kí ẹ tó ra ohunkóhun. Láti mú lítà omi 4 láti 20 °C dé 90 °C ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, agbára bí 20 kW ni yóò gbà. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi iná mànàmáná ilé oníbàárà ṣe é kò ṣírò: 3 kW ni ojú iná kan sábà máa ń gbé, ìyẹn kò sì ní fi ju nǹkan bí 10 °C lọ kún omi yẹn. Ibi tí iná mànàmáná ti wúlò ni alẹ́. 3 kW lè gbé táǹkì lítà 300 láti 20 °C dé 70 °C ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà, ẹ̀rọ yín á wá kàn fi ìwọ̀nba kún un lójú iṣẹ́.

Ní ti díísù, lítà kan ní agbára bíi 10 kWh, nígbà tí lítà propane kan ní bíi 7, nítorí náà ìwọ̀n epo tí ẹ óò gbé kiri yóò dín kù. Báńà 12 V máa ń mu iná bátìrì gan-an. Èyí tó bá gba 240 W yóò fa 20 A, ẹ wo olùpèsè iná ẹ́ńjìnnì yín kí ẹ tó gbà. Suwíìṣì ìṣàn omi àti tẹmostáàtì tí ń pa iná nígbà tí ooru bá pọ̀jù kò ṣeé yọ sílẹ̀ níbẹ̀ náà.

Kóìlì tí ẹ béèrè: rárá, ẹ má lò ó. Àwọn abẹ́bẹ̀ irin pẹlẹbẹ tó sún mọ́ra lára kóìlì gáàsì ni dúdú èéfín díísù yóò dí pa. Ọwọ́ iná díísù sì gùn, ó nílò àyè láti jó tán kó tó kan irin tó tutù; tó bá kàn án kó tó jó tán, èéfín dúdú nìkan ni yóò máa tú.

Yíyọ gáàsì náà kò ní wàhálà púpọ̀: ẹ ti sílíńdà, ẹ jẹ́ kí èyí tó kù nínú páìpù jó tán, ẹ tú u, ẹ dí ẹnu páìpù, kí ẹ sì gbé sílíńdà fún àwọn tó ní àṣẹ láti tú u. Ẹ má gbé e sínú ọkọ̀ tí ó tì pa, nítorí propane wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ọkọ̀ ni yóò máa kó jọ sí. Ẹ fi tó ilé-iṣẹ́ adójútòfò létí, wọn ìbáà tiẹ̀ fi ìwé mẹ́rin dá yín lóhùn.

Omi tó ń fi èépá funfun sílẹ̀ ni yóò pa kóìlì tuntun náà kíá, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń yọ ohun tí ń di èépá kúrò nínú omi ṣáájú rẹ̀. Gbogbo oríkèé páìpù èéfín ni gbígbọ̀n ọkọ̀ lè là, gáàsì carbon monoxide kò sì ní òórùn, nítorí náà ẹ gbé aago ìkìlọ̀ rẹ̀ sínú ọkọ̀.

Kí ẹ tó san ìyókù owó ẹni tó bá yín ṣe é, ẹ ní kó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ ní ìwọ̀n tí ẹ fi ń fọ kápẹ́ẹ̀tì, kí omi gbóná dáadáa, kí ó sì tú ọwọ́ kúrò lára ọ̀pá ìfọ̀. Ẹ jọ dúró, ẹ jọ máa wo aago ooru. Bí ó bá kọjá ìwọ̀n tí ẹ jọ fi ẹnu kò sí, tí fáàfù kò sì ṣí, kó pa ẹ́ńjìnnì, kó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ jáde padà.