Fún ọmọ Ìkẹ́rẹ́ tó fẹ́ lọ wá eérú fọ́kénò nínú ẹrẹ̀ adágún

Àbúrò mi, mo rí ìbéèrè ẹ. O ní o ti rí àyè másítà ní Jámánì, pé ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni wọ́n fẹ́ kó o ṣiṣẹ́ lé lórí, súpáfáísọ̀ ẹ sì ní kó o wá eérú fọ́kénò, ìyẹn òkè tó máa ń bú tó ń tu iná, nínú ẹ̀ kó o fi mọ ìgbà tí ojú-ọjọ́ yí padà láyé àtijọ́, o wá ń bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò kàn lo kábọ̀n (radiocarbon, èyí tí wọ́n fi ń mọ ọjọ́ orí ohun tó ti wà láàyè rí), àti pé ṣé èèyàn lè ṣe irú ẹ̀ ní dáàmù Ero nílé níbí. Mo ti ṣe iṣẹ́ yìí. Ọdún mẹ́ta ló gbà lọ́wọ́ mi, oṣù méje nínú ẹ̀ ṣòfò pátápátá, mi ò sì fẹ́ kí tìẹ ṣòfò.

Eérú yẹn kì í ṣe eérú ìdí ààrò o. Àfọ́kù gíláàsì ni. Bí òkè yẹn bá bú, àpáta yíyọ́ inú ẹ̀ á fọ́ wẹ́wẹ́ sókè, á ti dì kó tó balẹ̀, atẹ́gùn á sì gbé e lọ jìnnà réré. O ṣáà mọ ọyẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ tí ọyẹ́ bá dé, eruku tó wà lára mọ́tò l'Ádó náà ló wà lórí páànù ní Ìjerò, òun náà ló wà lórí ewé kòkó l'Ómùò, ọjọ́ kan náà ló balẹ̀ síbi gbogbo. Bẹ́ẹ̀ leérú yìí ṣe ń bà sínú adágún tó wà nílùú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àmọ́ tiẹ̀ tún ní ilà lójú, ìwọ̀n èròjà bíi silica, potassium àti iron inú gíláàsì yẹn lo fi máa mọ òkè tó ti wá, àti ìgbà wo ló bú.

Ìdí nìyí tó fi ṣe pàtàkì. Eérú kan wà tí wọ́n ń pè ní Vedde, láti òkè Katla ní Iceland ló ti wá, nǹkan bí 12,100 ọdún sẹ́yìn, láàárín ìgbà òtútù ńlá tí wọ́n ń pè ní Younger Dryas. Wọ́n rí i nínú adágún Kråkenes ní Norway, wọ́n tún wá rí i ní Meerfelder Maar ní Jámánì, kékeré ni o, ojú lásán ò lè rí i. Nígbà tí wọ́n fi ṣe àmì, tí wọ́n wá ka ìpele ẹrẹ̀ ọdọọdún tòkè tìsàlẹ̀, wọ́n rí i pé ojú-ọjọ́ ti yí padà ní Jámánì ní nǹkan bí 120 ọdún kó tó yí ní Norway. Kábọ̀n nìkan ò lè fi ìyẹn hàn ẹ, torí àṣìṣe tó wà nínú déètì ẹ̀ á ti gbé 120 ọdún mì. Inú mi ṣì ń dùn tí mo bá rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ìwádìí yẹn.

Kábọ̀n dáa o, àmọ́ tí omi bá gba orí òkúta ẹfun wọ adágún, kábọ̀n àtijọ́ á bá a wọlé, ewéko inú omi á fi dàgbà, déètì ẹ á wá pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Tèmi burú débi pé ẹrẹ̀ òkè dàgbà ju tìsàlẹ̀ lọ.

Oṣù méje tí mo sọ ńkọ́? Sísun ni. Wọ́n ní ká sun sáńpù ní 550 digri kí gbogbo ohun jíjẹrà inú ẹ̀ lè jó dànù, kí gíláàsì lè rọrùn láti kà lábẹ́ máíkíróskóópù. Fún kíkà, kò burú. Àmọ́ gíláàsì tí mo ti sun yẹn náà ni mo tún kó lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn èròjà, nọ́ńbà tó jáde ò jọ ti fọ́kénò kankan láyé yìí, mo jókòó ti tábìlì lóṣooṣù mo ń wá òkè tó bá a mu, ẹ̀rí ọkàn mi ń sọ pé kí n kúkú mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, kí n fún un lórúkọ. Ọlọ́run ló yọ mí. Ìyá àgbà kan ní láàbù mìíràn ló wo tábìlì mi tó bi mí pé, "Ṣé o sun ún ni?" Iná ti da èròjà ara ẹ̀ rú. Mo padà sórí ẹrẹ̀ tútù, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Torí náà, èyí tó o máa wọn, má sun ún. Fi asẹ́ 25 micron sẹ́ ẹ, bí ìgbà téèyàn ń sẹ́ ògì, lẹ́yìn náà fi omi kẹ́míkà tó wúwo ju omi lásán lọ yà á, dáyátọ́mù (ewédò wẹ́wẹ́ tí ìkarahun ẹ̀ jọ gíláàsì) á léfòó níbi tí omi náà bá ti wúwo tó nǹkan bí ìlọ́po 2.0 sí 2.3 omi lásán, gíláàsì á máa wà láàárín 2.3 sí 2.5. Dáyátọ́mù máa ń tan èèyàn, òun náà máa ń ṣókùnkùn bíi gíláàsì lábẹ́ iná polarised ti máíkíróskóópù, àmọ́ ihò wẹ́wẹ́ tó tò dáadáa wà lára tiẹ̀, gíláàsì ní ẹ̀gbẹ́ tó tẹ̀ kọrọdọ bíi ara ìfófòó tó bẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ yin iná electron sí i láti wọn èròjà ẹ̀, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fẹ ojú iná náà, kí wọ́n sì kọ́kọ́ wọn sodium, torí kì í dúró rárá, tí iná bá mú ibi kékeré jù á sá lọ. Nígbà tó o bá sì rí i tí eérú náà nà láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ibi tó ti kọ́kọ́ pọ̀ nísàlẹ̀ ni kó o mú, èyí tó wà lókè lè jẹ́ pé òjò ló wẹ̀ ẹ́ láti ara òkè wálẹ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Tún fi sọ́kàn pé déètì eérú náà lè yí. Fọ́kénò Laacher See ní Jámánì níbẹ̀, nǹkan bí 12,880 ọdún sẹ́yìn la ti ń kọ tẹ́lẹ̀ pé ó bú, ní 2021 ni igi tí eérú náà bò mọ́lẹ̀ fi hàn pé nǹkan bí 13,006 ni. Gbogbo ohun tí mo so mọ́ ọn ni mo sún.

Ti dáàmù Ero, rárá. Èèyàn ló kọ́ ọ, ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀ ò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Omi gbígbóná Ìkógòsì náà kì í ṣe ti fọ́kénò, omi òjò tó wọlẹ̀ lọ jìnnà tó gbóná níbẹ̀ ló ń padà sókè. Cameroon ni fọ́kénò tó ṣì ń bú tó sún mọ́ wa, òkè ibẹ̀ bú ní 1999 àti 2000, tó o bá parí tí o fẹ́ ṣiṣẹ́ nítòsí ilé, adágún tó wà lágbègbè yẹn ni kó o fojú sí. Tó o bá ti rí nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbà, fi ránṣẹ́ sí mi kó o tó kọ orúkọ òkè kankan sí i.