Èsì: Owó tó ń wọlé nínú fọ́ọ̀mù Cartier

Àǹtí, ẹ má fi àyè owó tó ń wọlé sílẹ̀ lófìfo nínú fọ́ọ̀mù Cartier Women's Initiative, ìdíje tó ń fún obìnrin oníṣòwò lówó o. Ẹ ní àkáǹtì ara yín ni owó ẹ̀lùbọ́ ń gbà wọlé, ẹ ò sì ní ìwé ìṣirò. Ó ṣì ṣeé tò.

1. Ẹ gba sítétímẹ́ǹtì oṣù 12 ní báńkì.
2. Ẹ fi bírò pupa fàlà sábẹ́ owó oníbàárà nìkan. Owó àjọ, owó ọbẹ̀ tí bàbá àwọn ọmọ fi ránṣẹ́, ẹ fò ó.
3. Ìwé àwìn yín á gbè é lẹ́sẹ̀. Tèmi ti rin epo, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi tò ó!

Àfi tí ẹ bá ti ń tà ni o. Cartier Women's Initiative kì í gba èrò lásán, wọn kì í gba NGO, ìyẹn àjọ tí kì í ṣe torí èrè. Òwò tó ń pawó, tí obìnrin ń darí, ni wọ́n ń fẹ́. $100,000 sì ni ti ipò kìíní, kì í ṣe owó tí wọ́n ń fi ìméfò gbà.

Ìdíje náà pín àwọn orílẹ̀-èdè sí ẹ̀ka: ẹ̀ka àwọn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì àti Potogí ní Áfíríkà ni Nàìjíríà wà. Àbúrò yín ní Kútọnu, ẹ̀ka Faransé ni tirẹ̀, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì lòun náà máa fi kọ ọ́.