"Divide by half" kì í ṣe pípín sí méjì

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́. Ìwé ìlànà iṣẹ́ kan ni mò ń tú sí Gẹ̀ẹ́sì. Níbi tí wọ́n ti ní ká pín 12 sí méjì, mo kọ "divide 12 by half". Ẹnì kan ní kò tọ̀nà, àmọ́ lójú tèmi, ọ̀rọ̀ gírámà lásán ni, ẹni tó bá kà á á ti mọ ohun tí mò ń wí. Ṣebí "divide" ni pín, "half" sì ni ìdajì?

Ìdáhùn: Rárá o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ gírámà. Iye tí ẹ kọ ni kò tọ̀nà. Ẹni tó bá ṣe é gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, 24 ló máa bá níbẹ̀, kì í ṣe 6.

Lóòótọ́ ni "divide" jẹ́ pín. Ọ̀rọ̀ atọ́kùn tó tẹ̀ lé e ni ẹ ṣì mú. Ẹ ti gbà pé "by" ni "sí" tiwa. Kì í ṣe òun. "Divide 12 by 2" ni pé ká fi 2 pín 12: 2 mélòó ló wà nínú 12? Mẹ́fà. Nígbà tí ẹ wá fi "half" rọ́pò 2, ohun tí ẹ ní kí wọ́n ṣe ni pé kí wọ́n fi ìdajì pín 12, ìyẹn ni pé ìdajì mélòó ló wà nínú 12?

Ẹ mú okùn tó gùn ní mítà 12. Ẹ wọn ìdajì mítà, ẹ gé e. Ẹ tún wọn ìdajì mítà, ẹ gé e. Mítà kan ṣoṣo lẹ tíì gé yẹn, ègé méjì sì ti wà nílẹ̀. Kí okùn náà tó tán, ègé 24 ló máa wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi ìdajì pín nǹkan, ìlọ́po méjì ló ń bá, ẹ̀rọ ìṣirò yín náà á sì sọ bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá tẹ 12 ÷ 0.5.

Mo mọ ibi tí àṣìṣe yìí ti ń wá. "Reduce by half" tọ̀nà, "cut by half" náà tọ̀nà, etí sì ti mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n "by" inú wọn ń sọ bí ohun tí a yọ ṣe pọ̀ tó: "reduce 12 by half", ẹ yọ ìdajì 12 kúrò, ó ku 6. "Increase 12 by half", ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un, ó di 18. "By" tó tẹ̀ lé "divide" kì í ṣe irú iṣẹ́ yẹn. Ẹ má fi ìkan wọ èkejì.

Ohun tí ẹ fẹ́ kọ ni "divide 12 by 2", tàbí "divide it in half". "Halve" nìkan náà tó. A kì í pe "l" inú rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ "into" náà. "Divide the rope into 3", ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn. Ṣùgbọ́n "divide 3 into 12" yí ipò padà: 12 ni à ń pín, 4 sì ni ìdáhùn. Nínú ìwé tí àwọn míì máa fi ṣiṣẹ́, ẹ má lo ti ẹ̀yìn yìí rárá.

Ní ti "between" àti "among", òfin tó ní ẹni méjì péré ni "between" wà fún kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. "Divide the money between the three sisters" dára, torí a mọ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. "Among" ló bá ọ̀pọ̀ èèyàn tí a ò yà sọ́tọ̀ mu.

Èyí tó le jù ni ti oògùn. "1,000 mg daily in two divided doses" túmọ̀ sí pé 1,000 ni ti odidi ọjọ́ kan: 500 lẹ́ẹ̀kan, 500 lẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe 1,000 lẹ́ẹ̀mejì, kò sì ní kí ẹ dá hóró oògùn sí méjì. Àwọn kan wà tí a kò gbọ́dọ̀ dá. Èdè nìkan ni mò ń ṣàlàyé o. Iye tí ẹ máa lò, ẹnu dókítà tàbí apòògùn yín ni kí ẹ ti gbọ́ ọ.

Ó ku ohun kan nínú ìwé yín. "Divide into two" kò sọ pé méjèèjì dọ́gba. 10 àti 2 náà jẹ́ méjì. Tí ó bá gbọ́dọ̀ dọ́gba, "divide into two equal parts" ni kí ẹ kọ, kí ẹ sì pa "by half" yẹn rẹ́ kí ìwé náà tó kúrò lọ́wọ́ yín.