Kyoto ni, àbí Nara?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mama wa. Ọ́fíìsì wa fẹ́ rán mi lọ sí Osaka ní Jàpáànù fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Sátidé kan péré ni màá rí fi gbafẹ́. Àwọn kan ní kí n lọ wo Kyoto, àwọn kan ní Nara. Èwo ni kí n mú? Mùsùlùmí sì ni mí, ṣé kò sí wàhálà tí mo bá wọ ilé ìjọsìn wọn? — Ìyá Fáwàsì, Kubwa, Àbújá.

ÌDÁHÙN: Ìyá Fáwàsì, Nara ni kí ẹ lọ. Kyoto dára, àmọ́ ó fẹ̀. Tẹ́ńpìlì kan wà níhìn-ín, òmíràn wà lọ́hùn-ún, inú bọ́ọ̀sì ni ilẹ̀ máa ṣú bá yín sí. Ẹsẹ̀ lẹ máa fi rin Nara. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Kintetsu ní Osaka-Namba, bí ìṣẹ́jú 40 ẹ ti dé.

Olú-ìlú Jàpáànù ni Nara láti 710 títí di 784, kí ìjọba tó kẹ́rù kúrò. Àwa tí wọ́n kó wá sí Àbújá láti Èkó ní 1991 mọ irú ẹ̀. Èkó ò kú, Nara náà ò kú.

Ní tẹ́ńpìlì Todai-ji, ẹ máa rí ère Buddha onídẹ kan tó jókòó, gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 15. Ọdún 752 ni wọ́n ṣayẹyẹ rẹ̀. Iná ogun jó ilé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní 1180 àti 1567. Ilé tó wà níbẹ̀ báyìí, 1709 ni wọ́n parí ẹ̀, ó sì kéré sí ti àkọ́kọ́. Síbẹ̀, ọrùn á ro yín kí ẹ tó rí òkè rẹ̀. Òpó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n lu ihò sí nísàlẹ̀. Wọ́n ní bí ihò imú ère náà ṣe tóbi tó nìyẹn. Àwọn ọmọdé ń rá gba inú rẹ̀ nígbà tí mo débẹ̀. Èmi? Pẹ̀lú ìdí yìí? Mo yà fún un.

Ní ti ẹ̀sìn, ìwòran kì í ṣe ìsìn. Kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ forí balẹ̀. Bí ọkàn yín ò bá gbà á, ẹ dúró síta lọ́dọ̀ àwọn àgbọ̀nrín.

Àwọn àgbọ̀nrín yìí gan-an ló gbé mi lọ. Wọ́n lé ní 1,000, wọ́n ń rìn fàlàlà láàrin èèyàn. Ìránṣẹ́ òrìṣà ojúbọ Kasuga ni wọ́n kà wọ́n sí. Láyé àtijọ́, ikú ni ìjìyà ẹni tó bá pa ọ̀kan, òfin ṣì ń dáàbò bò wọ́n dòní, nítorí náà ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ kúrò lọ́kàn. Wọ́n ń ta bisikíìtì pẹlẹbẹ fún wọn. Ẹ gbé e sókè, àgbọ̀nrín á tẹrí ba, á tún tẹrí ba, bí ọmọ tó ń tọrọ owó Iléyá. Tẹ́ ẹ bá pẹ́ jù, inú á bí i: ọ̀kan fa etí ìborùn mi, ó ń rún un lọ. Tí bisikíìtì bá ti tán, ẹ na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì hàn wọ́n, wọ́n á yà lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún núdù ọlọ́bẹ̀ wọn, ẹlẹ́dẹ̀ wọ́pọ̀ nínú ẹ̀. Kakinoha-zushi ni kí ẹ béèrè: ìrẹsì àti ẹja tí wọ́n fi ewé wé. Ẹ ṣí ewé yẹn kúrò o, wọn kì í jẹ ẹ́. Kí ẹ sì mú yen, owó Jàpáànù, dání, torí ìyá tó ta bisikíìtì fún mi ò gba káàdì.