Ultrasound ní àyà mi mọ́, CT rí kókó méjì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọlọ́run á wo àbúrò yín sàn. Ẹ ní dókítà ti pè é ní vasculitis, àìsàn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń bá iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ara náà jà, pé ikọ́ rẹ̀ ti ń mú ẹ̀jẹ̀ wá, ẹ sì ń béèrè bóyá ultrasound àyà tó, kẹ́ ẹ lè fi owó CT, skáànù onítànṣán tó ń ya àwòrán inú ara, pamọ́. Ojú mi rí i, ní Kubwa níbí.

Ọyẹ́ ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dé, wọ́n ní ikọ́ ife ni. GeneXpert, àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń wá ikọ́ ife, ò rí i, síbẹ̀ ilé ìwòsàn tí mo kọ́kọ́ lọ gbé oògùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Ìtọ̀ mi ń hó bí ọṣẹ, àmì pé ó lè ti kan kíndìnrín, ẹnikẹ́ni ò bi mí.

Wọ́n wá fi ultrasound wo àyà mi, wọ́n ní ó mọ́. Inú mi dùn, mo ra súyà lọ́nà ilé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, CT rí kókó méjì nínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, ọ̀kan tiẹ̀ ti dá ihò sínú. Ultrasound ò parọ́ o. Ìró ló ń rán wọlé, afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró kì í sì í jẹ́ kó kọjá. Ohun tó bá kan awọ ẹ̀dọ̀fóró ló ń rí. Èyí tó bá fara pamọ́ sáàárín, CT ló ni ín.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ prednisolone àti cyclophosphamide, oògùn tó ń dá àwọn ọmọ ogun ara yẹn lẹ́kun, ni ultrasound wá wúlò fún mi. Kò ní ìtànṣán, orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń ṣe é. Wọ́n á gbé e sáàárín egungun ìhà, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn (ẹ má gbà kí wọ́n wo iwájú nìkan), wọ́n á máa ka àwọn ìlà funfun tó ń já wálẹ̀ láti ibi awọ yẹn. Tèmi ń dín kù díẹ̀díẹ̀.

Àfi ọjọ́ tí àwọn ìlà náà tún pọ̀. Mo ti ń sunkún pé ẹ̀jẹ̀ tún ti ya wọ ẹ̀dọ̀fóró. Omi ni! Kíndìnrín ò lè tọ̀ ọ́ jáde mọ́, ẹsẹ̀ mi sì ti wú. Oògùn amúnitọ̀ ló kó ìlà náà lọ. Ẹ̀jẹ̀, omi, pneumonia, àpá àtijọ́, ìlà kan náà ni gbogbo wọn ń fà.

Tó bá jẹ́ ẹyọ kan lowó yín ká, CT ni kẹ́ ẹ ṣe, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti creatinine (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́) wò lọ́jọ́ kan náà. Tí ẹ̀jẹ̀ yẹn bá ń pọ̀ sí i, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ẹ má dúró de skáànù kankan, ẹ gbé e lọ sí emájẹ́ńsì lálẹ́ òní.